Búsàrí Tí A Fi Lé Òkun Lọ́wọ́

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ òkú Búsàrí. Èmi ni mo ṣíwájú ìrun tí a kí sí i lára, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí omi bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, títí di àárọ̀ tí mo ń kọ èyí, Búsàrí kò tíì kú ní ìdájọ́ Ìlọrin. Ṣífáwù ìyàwó rẹ̀ kò tíì di opó. Wọn kò ṣe fìdáù fún ọkọ rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó sunkún síta, wọn kò sì jẹ́ kí ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Oyì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa mọ̀ mí sí ẹni tí í gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú èmi fúnra mi ló ṣe.

Oníṣẹ́ lántànà ni Búsàrí, ní àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Òkúta pupa ni lántànà. Wọ́n á máa fi omi ha á lórí pẹpẹ òkúta mìíràn títí yóò fi dán, tí yóò di ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ ọba ń fi sọ́rùn. Ilé-kéwú kan náà ni a lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin, ìlẹ̀kẹ̀ dígí àwọn òyìnbó bá a dé ọjà Ìpàtà, àwọn obìnrin sì kẹ̀yìn sí òkúta Búsàrí. Ó gbọ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Sàró ṣì fẹ́ràn lántànà, ó sì kó tirẹ̀ sínú àpò awọ láti lọ tà á níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní Èkó náà ń fẹ́ kí n lọ wo bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń gbé ní Sàró. Báyìí ni a ṣe jọ wọ ọkọ̀ ní Èkó nígbà ọyẹ́.

Iná

Epo pupa ni ẹrù ọkọ̀ náà. A ti fi ilẹ̀ Gólúkósì sẹ́yìn nígbà tí èéfín yọ láti ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí a sì tó béèrè ohun tó dé, iná ti gba àárín ọkọ̀. Ohun tí mo rántí jù ni òórùn rẹ̀. Ó ń ta sánsán bí agboolé tí wọ́n ti ń din ẹran Iléyá, ebi sì pa mí níbi tí mo ti ń sá fún ikú.

Búsàrí kò sáré lọ sídìí ọkọ̀ kékeré bíi tiwa. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń lu ilẹ̀kùn ilé ìdáná nísàlẹ̀. Ó rẹ láwàní rẹ̀ sómi, ó fi di imú, ó wọ inú èéfín lọ. Nígbà tí ó jáde, ó fa ọkùnrin kan lọ́wọ́, alásè ọkọ̀ náà, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Mọ̀mọ́lú ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Fáì, àwọn Mùsùlùmí kan tí ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí Sàró.

Búsàrí ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alásè ni mo mú wá. Ẹni tó bá ń sá lọ sínú òkun, kí ó mú alásè dání."

Ọkọ̀ kékeré mélòó kan ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sómi. Méje ni a wà nínú tiwa: èmi, Búsàrí, Mọ̀mọ́lú, òyìnbó kan tí í ṣe igbá-kejì ọ̀gá ọkọ̀, tí iná ti jó ní ọwọ́ méjèèjì, àti àwọn Kúrú mẹ́ta. Àwọn Kúrú ni atukọ̀ fún gbogbo òyìnbó létí òkun wa. Àwọn òyìnbó kì í lè pe orúkọ wọn, wọn a sì fún wọn ní èyí tí ó bá wá sí wọn lẹ́nu. Nímélì ni olórí àwọn mẹ́ta náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n Tíìsípúnù ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Èkó, ó gbọ́ Yorùbá.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ wa kúrò létí ilẹ̀ ní gbogbo òru náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kò rí ọkọ̀ kankan mọ́, a kò sì rí ilẹ̀.

Ìjókòó ẹ̀yìn

Ẹni tí kò bá wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni awakọ̀ ń kọ sí ibi tí ó ń lọ. Ibi tí o ti kúrò ni ìwọ yóò máa wò ní gbogbo ọjọ́. Nímélì ní ìlà oòrùn ni ilẹ̀ wà, nítorí náà a kọ ẹ̀yìn sí gábàsì, a ń fa àjẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun bá tó, èmi àti Búsàrí àti Mọ̀mọ́lú á fi àjẹ̀ lé àwọn yòókù lọ́wọ́, a ó yí padà lórí ìjókòó wa, a ó sì dojú kọ ọ́. Kò sí ìgbà mìíràn tí a ń rí ibi tí à ń lọ.

Búsàrí ní, "Bí a bá dé Àlùjánnà báyìí, ẹ̀yìn la ó fi wọlé. Wọ́n á rò pé à ń jáde lọ ni."

Èmi àti Búsàrí kò gbọ́ èdè Mọ̀mọ́lú, òun náà kò gbọ́ tiwa. Èdè ìrun nìkan ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbọ́, ìyẹn sì tó wa sọ.

Iṣẹ́ kan náà ni lójoojúmọ́. Mẹ́rin yóò máa fa àjẹ̀, àwọn yòókù yóò sinmi, òyìnbó yóò fi ìgúnpá di ìtọ́kọ̀ mú. Láàárọ̀, bísíkíìtì kan àti omi ìdérí agolo. Nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà. Búsàrí fi eyín kan bísíkíìtì tirẹ̀, ó yọ ọ́ wò. "Òkúta tí mò ń ha nílé rọ̀ ju èyí lọ."

Ẹran inú agolo wà pẹ̀lú. Ọjọ́ tí òyìnbó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí i, Mọ̀mọ́lú gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa. Ta ló pa á? Bísímílà wo ni wọ́n ṣe sí i? Mo rán Búsàrí létí ohun tí alfa wa kọ́ wa, pé ohun tí a kọ̀ fún ni, a máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tí ebi fẹ́ pa kú.

Ó ní, "Mo mọ̀. Kò tíì tó bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá tó, mo máa sọ fún ọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó na ọwọ́ sí agolo. "Akọ̀wé, ó ti tó."

Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ òkúta ti sọ ọ́ di awọ. Ó bá mi tún ọwọ́ mi tò lórí àjẹ̀. "Má fi ìka dì í bẹ́ẹ̀ yẹn, kì í ṣe kálàmù. Fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, kí o fi ẹ̀yìn rẹ fà á."

Iyọ̀ gan mọ́ wa lára, ìdí wa di egbò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò dì í ní ìbàdí kí ó má baà ṣubú sómi. Nímélì ló ń di òyìnbó mú bí ìyá ọmọ ṣe ń ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́ ojú ti òyìnbó náà. Lẹ́yìn náà ojú kò ti ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn Kúrú máa ń kọrin bá àjẹ̀ rìn, Búsàrí sì kọ́ ọ, ó ń gbè é láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nímélì ní, "Ìwọ yìí, tí o bá dé ilé wa, a máa fún ọ níyàwó." Búsàrí ní, "Ẹ bi Ṣífáwù kọ́kọ́."

Ṣùgbọ́n ikọ́ èéfín ọjọ́ kìíní kò fi í sílẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó yá, a rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ rẹ̀. Mọ̀mọ́lú, tí Búsàrí fà yọ nínú iná, bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi tirẹ̀ sí méjì, ó ń fún un ní ìdajì, ó sì ń fa àjẹ̀ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Bí a bá ní kí Búsàrí dùbúlẹ̀, yóò dùbúlẹ̀. Bí ó bá yá, a ó tún rí i tó ń ràpálá bọ̀, tó ń sọ pé ó ti kan òun láti fa àjẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ó kẹ́yìn, kò ràpálá bọ̀. Ó pè mí mọ́ra. Ó ní, "Bí mo bá kú, má jẹ́ kí Ṣífáwù máa wo ọ̀nà. Obìnrin yẹn lè wo ọ̀nà títí ojú rẹ̀ á fọ́."

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì sọ ọ́. Kí alásárì tó tó, ó kú.

Aṣọ ìgbòkun

A kò ní aṣọ funfun tí a ó fi di í. Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn wa ti gbó di ọ̀já. Mọ̀mọ́lú dìde, ó nawọ́ sí ìgbòkun, aṣọ ńlá tí a ń ta sókè fún afẹ́fẹ́.

Nímélì ní, "Rárá. Ẹsẹ̀ wa nìyẹn."

Mọ̀mọ́lú kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò sì jókòó.

Nímélì bi mí pé, "Aṣọ mélòó ni Ọlọ́run yín ń fẹ́?"

Mo ní, "Mẹ́ta ló dára. Bí kò bá sí, ẹyọ kan tó bò ó tó."

Ó wo òkun ṣùù. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀bẹ ara rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gé e. Ìdajì ni ó gé. Ó ní, "Èyí tó kù, ọwọ́ wa la ó fi rọ́pò rẹ̀."

Omi òkun ni mo fi wẹ̀ ẹ́, Mọ̀mọ́lú ń bu ú fún mi. Nígbà tí a dì í tán, Nímélì ní ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó wúwo lẹ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa tẹ̀lé wa. A ti fi ìdákọ̀ró sílẹ̀ nínú iná. Mo wá gbogbo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, n kò rí irin kankan. Ohun kan ṣoṣo tó wúwo níbẹ̀ ni àpò awọ Búsàrí, tí kò bọ́ léjìká rẹ̀ nínú iná, tí lántànà rẹ̀ kún inú rẹ̀. Ó ti fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn ha wọ́n. Mo so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Mo ṣíwájú, Mọ̀mọ́lú dúró lẹ́yìn mi, a kí ìrun sí i lára. Òyìnbó ṣí fìlà. Àwọn Kúrú gbé àjẹ̀ wọn sókè lójú omi. A sì fi Búsàrí sílẹ̀. Kò lọ kíákíá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú aṣọ náà, ó léfòó sójú omi díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, kí òkúta Ìlọrin tó fà á lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí afẹ́fẹ́ yí padà sí ọ̀nà tí a fẹ́. Ìgbòkun onídajì kò lè gbà á. Àjẹ̀ ni a fi rìn títí. Kò sí Kúrú kan tó bá mi wíjọ́. Ẹnì kan nínú wọn kàn wo ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá lára aṣọ náà, ó tutọ́ sómi, ó tún di àjẹ̀ rẹ̀ mú.

Àwọn tó sunkún

Òórùn igi ìdáná ni a kọ́kọ́ fi mọ ilẹ̀. Ẹ̀yìn ni a kọ sí i, nítorí náà imú wa ló rí i ṣáájú ojú. Ilẹ̀ àwọn Kúrú ni, kì í ṣe abúlé Nímélì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bàbá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin sáré wọnú ìgbì wá fà wá.

Bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbẹ̀ yàtọ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ni ìlú. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fi ìka rẹ̀ ta ìka mi kí ó dún. Gbogbo wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Ní Ìlọrin, ọmọ tó bá ta ìka sí àgbà lójú yóò gba ìgbátí. Àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kan ilà ojú mi, wọ́n ń bi Nímélì bóyá ẹranko ló ya mí. Gbàgúdá gígún àti ọbẹ̀ ẹyìn ni wọ́n gbé fún wa. Mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí àjèjì, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì.

Ìyá arúgbó kan kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Nímélì pé, ènìyàn mélòó ni ẹ wà nígbà tí ẹ kúrò nínú iná? Nímélì sọ fún un. Ìyá náà ka orí wa. Ó ní kí ni orúkọ ẹni tí kò dé. Mo ní Búsàrí. Ó pè é, kò lè pè é dáadáa, ó tún un pè. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn, ó bú sẹ́kún, àwọn obìnrin yòókù sì wá jókòó tì í. Wọ́n sunkún Búsàrí títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn tí kò rí i rí. Nímélì ní àṣà wọn ni. Ẹni tí òkun bá gbé, etíkun tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí ló ni ẹkún rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ̀mọ́lú dágbére. Ẹsẹ̀ ni yóò fi tọ etí òkun dé ilẹ̀ Fáì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ka Fátíà, ó nawọ́ sí òkun, ó ń sunkún. Ó sì lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn gbé wa dé Sàró, òyìnbó tó ń ṣọ́ etíkun níbẹ̀ pe òyìnbó tiwa wọlé, ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pé Búsàrí kú sínú òkun. Ní tèmi, ó bi mí bóyá mo ti rí aṣọ wọ̀.

Gàmbàrí

Ìyá Búsàrí jókòó sórí ẹní nígbà tí mo wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò ní kí n dìde.

"Èkejì rẹ dà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"O fi ọwọ́ ara rẹ wẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Sàréè rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní sàréè, ìyá. Inú omi ni."

"Lántànà rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kò ní sàréè, ẹrù rẹ̀ kò bọ̀. Ìwọ náà, òkun gbé ọ, ó dá ọ padà. Kí ló dé tí kò ní dá tèmi padà?"

Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n Búsàrí, Alfa Sàká, tẹ̀lé mi jáde. Ó ní, "Èmi gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe fìdáù lónìí, èmi ni mo pa ọmọ ìyá mi lójú ìyá mi. Àwọn ará ibí sì ti ń bi mí pé ta ló jẹ lántànà àbúrò mi. Ènìyàn á wí, ó yẹ kí o mọ̀."

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni Ṣífáwù ti bá mi sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Kí ló sọ?"

Mo sọ fún un pé ó ní kí n má jẹ́ kí ó máa wo ọ̀nà.

Ó ní, "Ó mọ àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà náà."

Bàbá rẹ̀ ti wá láti Òkè-Oyì, ó fẹ́ mú un lọ sílé kí ó lè ṣe opó rẹ̀ láàárín àwọn ìyá rẹ̀. Alfa Sàká ní aya kì í kúrò nílé ọkọ láì gbàyè lọ́wọ́ ọkọ. Ṣífáwù ní, "Ẹ bá mi gbàyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, Alfa. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó wà." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi aṣọ borí, ó gba ilé Alùkáálì, adájọ́ àwọn Mùsùlùmí ìlú, lọ fúnra rẹ̀.

Ohun tí Alùkáálì wí

Alùkáálì kì í gbóhùn sókè. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó béèrè pé ènìyàn mélòó ló kù nínú ọkọ̀. Mo ní márùn-ún, yàtọ̀ sí èmi.

"Mùsùlùmí mélòó nínú wọn?"

"Ẹnì kan."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Mọ̀mọ́lú."

"Ọmọ ta? Nílùú wo?"

"Ilẹ̀ Fáì ni mo mọ̀."

Ó mi orí. "Mọ̀mọ́lú, ní ilẹ̀ Fáì. Bí ìgbà tí ènìyàn ní kí n lọ wá Múhámọ́dù kan ní Ìlọrin." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ògbufọ̀ Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó mú ìwé tí òyìnbó etíkun kọ ní Sàró wá. Alùkáálì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní kí wọ́n kà á fún òun, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí méjì tó ń kírun ni òfin ṣẹ̀ríà ní kí n gbọ́ kí n tó sọ ìyàwó ènìyàn di opó. Ọ̀kan ni mo rí. Bí ọkọ náà bá wọlé lọ́la ńkọ́?" Ògbufọ̀ ní Ajẹ́lẹ̀ kò ní í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ohun tí Alùkáálì bá wí ni yóò ṣẹ.

Ohun tí ó wí nìyí. Àwọn oníṣòwò obì láti Gàmbàrí tó ń lọ sí Sàró yóò béèrè Mọ̀mọ́lú alásè káàkiri ilẹ̀ Fáì. Bí wọ́n bá rí i, yóò búra níwájú lèmámù ibẹ̀, ènìyàn méjì yóò sì gbọ́ ọ, wọn yóò mú ẹ̀rí náà wá sí Ìlọrin. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé ni Ṣífáwù yóò bẹ̀rẹ̀ opó rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, yóò dúró ní ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí ó wá sí kóòtù, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Títí di ìgbà náà, inú ohun ìní ọkọ rẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, kò sì gbọdọ̀ ta nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Kò gbọdọ̀ lọ sí Òkè-Oyì àfi bí Alfa Sàká bá mú un lọ.

Ṣífáwù béèrè kí ni òun yóò máa ṣe nígbà náà.

Alùkáálì ní, "Máa retí rẹ̀."